Jan Amos Comenius: Olùkọ́ tí ó Fi Àwòrán La Ọ̀nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

Ìfáárà

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ lílo ìmọ̀ ẹ̀rọ láti kọ́ni ní èdè bá wáyé láàárín àwa olùkọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kọ̀ǹpútà, fọ́nrán, ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri àti fóònù alágbèéká. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ òde òní pátápátá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn ẹ̀kọ́ wò dáadáa, a óò rí i pé ìbéèrè náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ń yí ayé padà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Olùkọ́ kan wà nígbà náà tí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí a ṣe lè lo ẹ̀rọ yìí tí ọmọdé tí ń kọ́ èdè àjèjì kò fi ní máa sunkún lọ sí ilé-ìwé. Jan Amos Komenský ni orúkọ rẹ̀. Comenius ni àwọn onímọ̀ ń pè é ní èdè Látìn, orúkọ yìí náà sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Orúkọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa ìtàn ètò ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń há a sórí mọ́ ti Rousseau àti Pestalozzi fún ìdánwò ni; bí wọ́n bá ti jáde nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ó parí. Iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé ọkùnrin náà kí a lè mọ ibi tí èrò rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá àti ohun tí ó ná an. Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn náà hàn ni pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ni ní èdè bí kò bá so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, àti pé olùkọ́ ni ó ń ṣe ìsopọ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 1592 ni wọ́n bí Comenius ní agbègbè Uherský Brod ní ilẹ̀ Moravia, tí ó jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Kristẹni kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìṣọ̀kan Àwọn Ará. Ìjọ yìí ti wà ṣáájú ìgbà Martin Luther, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ṣeré rárá. Àwọn ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Czech, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nítorí náà, inú àwùjọ tí ó ka èdè abínibí sí pàtàkì ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Ìyà kò jìnnà sí i láti kékeré. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni baba àti ìyá rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní ìlú Strážnice ni ó ń gbé nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ya wọ ìlú náà ní ọdún 1605, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro. Èyí dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún 1608, nígbà tí ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ó tó láǹfààní láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ Látìn tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ ní Přerov.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ṣe pàtàkì. Èdè Látìn ni èdè ìjọba, ti ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kò lè dé ibi tí ó lápẹẹrẹ nínú ìmọ̀. Bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ́ èdè náà kò sì dára. Òfin gírámà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ọmọdé há sórí, Látìn náà ni wọ́n sì máa ń fi kọ òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tíì gbọ́ Látìn kankan. Ẹni tí kò bá rí i kà, pàṣán ni yóò bá a wí. Ọmọdé kékeré tí wọ́n bá fi sínú irú ìnira báyìí yóò rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Comenius kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà tí ó bá a pàdé. Ó ti lójú tí ó lè fi wo ohun tí àwọn olùkọ́ ń ṣe, ó sì mọ̀ pé ọ̀nà náà kò tọ́. Láti ìgbà yìí ni ó ti ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ìjọ rẹ̀ rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Jámánì láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Herborn ní ọdún 1611, ó sì lọ sí Fásitì Heidelberg ní ọdún 1613. Ní Herborn, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Johann Heinrich Alsted, ọ̀mọ̀wé kan tí ó gbìyànjú láti kó gbogbo ìmọ̀ ayé jọ sínú ìwé kan ṣoṣo. Èrò pé gbogbo ìmọ̀ so kọ́ra kò kúrò lọ́kàn Comenius mọ́ títí ó fi kú.

Ìtàn kan wà nípa ìgbà tí ó wà ní Heidelberg tí ó fi irú ènìyàn tí ó jẹ́ hàn. Ní ọdún 1614, ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ìwé àfọwọ́kọ Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀ tí ó sọ pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká. Ìwé náà ṣì wà ní ìlú Kraków ní orílẹ̀-èdè Pólándì títí di òní. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ni ó fi rin ìrìn àjò náà padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí ó dé ilé ni ó di olùkọ́ ní Přerov, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí ó ti jẹ pàṣán rí. Ní ọdún 1616, wọ́n fi í joyè àlùfáà. Ní ọdún 1618, wọ́n gbé e lọ sí ìlú Fulnek láti máa bójú tó ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọdún yìí náà ni ó gbé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Magdalena. Gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé yóò rọrùn fún un.

Ogun, Àrùn àti Ìgbé-ayé Ìsáǹsá

Àmọ́ ọdún 1618 yìí kan náà ni ogun tí ó gba ọgbọ̀n ọdún bẹ́ sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1620, ọmọ-ogun ọba Kátólíìkì ṣẹ́gun àwọn ọlọ́tẹ̀ ilẹ̀ Czech ní Òkè Funfun, nítòsí ìlú Prague. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé àyè kò sí mọ́ fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun dé Fulnek ní ọdún 1621, Comenius sá fi ara pamọ́ kí wọ́n má baà pa á. Ibi tí ó fara pamọ́ sí ni ó wà tí àjàkálẹ̀-àrùn fi pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ọdún 1622. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ ní gbangba ìlú, tí wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Bí ènìyàn bá ronú sí èyí, yóò yà á lẹ́nu pé ẹni tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí tún lè ní agbára láti máa ro bí ọmọdé yóò ṣe gbádùn ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Comenius ni pé àìmọ̀kan ni ó ń fa ogun, àti pé bí a bá fẹ́ tún ayé ṣe, inú kíláàsì àwọn ọmọdé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ọdún 1624. Ní ọdún 1628, nígbà tí àṣẹ jáde pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ di Kátólíìkì fi ìlú sílẹ̀, òun àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ kọjá sí ìlú Leszno ní orílẹ̀-èdè Pólándì. Kò tún fojú kan ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé mọ́.

Ilẹ̀kùn Èdè

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe jẹun ní Leszno. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí, Janua Linguarum Reserata, èyí tí a lè pè ní Ilẹ̀kùn Èdè tí a Ṣí Sílẹ̀. Ó jáde ní ọdún 1631. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú irú ìwé báyìí. Àwọn àlùfáà Jésúìtì ọmọ Áílándì kan tí wọ́n wà ní Salamanca ní ilẹ̀ Spéìnì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ohun tí Comenius rí pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú tiwọn ni pé wọ́n kàn kó ọ̀rọ̀ jọ ni, láìka ìtumọ̀ àti ètò sí.

Nínú ìwé tirẹ̀, ó to ọ̀rọ̀ bí 8,000 sínú gbólóhùn 1,000, ó sì pín gbólóhùn wọ̀nyí sí ìsọ̀rí 100. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní kókó tí ó dá lé lórí: iná, omi, igi, ẹranko, ara ènìyàn, iṣẹ́ ọwọ́, ilé, ìlú. Gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ rọrùn, wọ́n sì ń le sí i bí a ti ń lọ. Èdè abínibí akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Látìn. Báyìí ni ọmọ tí ń kọ́ èdè ṣe ń kọ́ nípa ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé náà tàn kálẹ̀ bí iná inú ọyẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ó ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ráhùn pé ó le jù fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Comenius kọ ìwé mìíràn tí ó kéré tí ó sì rọrùn, tí yóò ṣáájú ti àkọ́kọ́, bí ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣe ń ṣáájú yàrá.

Láàárín àkókò yìí náà ni ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìkọ́ni, Didactica Magna. Èdè Czech ni ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí ó tó tún un kọ ní Látìn. Nínú rẹ̀ ni ó ti jà fún un pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àti olówó àti tálákà, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti pé kí èdè abínibí jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan Látìn. Ìtọ́ni rẹ̀ fún olùkọ́ ni pé kí ó fi ohun tí a lè rí han ojú, kí ó jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí a lè gbọ́, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ kan ohun tí a lè fọwọ́ kàn.

Àwọn Ìpè Láti Òkè Òkun

Òkìkí rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ní ọdún 1641, Samuel Hartlib àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é wá sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí wọ́n ní ìrètí pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò dá ilé-ìmọ̀ ńlá kan sílẹ̀ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Kò pẹ́ tí rògbòdìyàn fi bẹ́ sílẹ̀ ní Áílándì, ogun abẹ́lé sì ń rúgbó bọ̀ ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Ètò náà forí ṣánpọ́n, Comenius sì kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1642.

Orílẹ̀-èdè Sweden ni ó tún pè é. Louis De Geer, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò kan, ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Axel Oxenstierna tí í ṣe olóyè àgbà nínú ìjọba Sweden sì fẹ́ kí ó kọ àwọn ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn yóò máa lò. Ó fi ìlú Elbing ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́fà. Àdéhùn ọkàn rẹ̀ ni pé Sweden yóò bá àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ àtipadà sílé. Ìrètí yìí já sí òfo. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Westphalia ní ọdún 1648, kò sí àyè fún ìjọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún náà ni ìyàwó rẹ̀ kejì kú. Ọdún náà ni wọ́n sì fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ìjọ tí kò nílẹ̀ mọ́.

Sárospatak: Ibi tí Èrò Àwòrán ti Gbilẹ̀

Ní ọdún 1650, ìdílé ọlọ́lá Rákóczi pè é wá sí Sárospatak ní orílẹ̀-èdè Hungary láti tún ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n gbé fún un kò lè ka ìwé Ilẹ̀kùn Èdè. Ó ga jù fún wọn. Ìrònú rẹ̀ jìn sí i. Ó sọ àwọn ẹ̀kọ́ inú ìwé náà di eré oníṣe tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń ṣe lórí ìtàgé, kí ọ̀rọ̀ lè ti ẹnu àti ìṣesí wọn jáde.

Ohun kejì tí ó ṣe ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Ó gbìmọ̀ ìwé kan tí àwòrán yóò wà ní orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àwòrán ti wà nínú ìwé ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ìwé tí Comenius ń fẹ́, àwòrán gan-an ni yóò máa kọ́ni. Ìṣòro ni pé kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ irú àwòrán náà sára pákó ní Sárospatak. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, èrò wà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ kò sí. Ó di dandan kí wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, sọ́dọ̀ atẹ̀wé tí ń jẹ́ Michael Endter. Ọdún púpọ̀ ni ó fi dúró dè é. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì múra iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tí iná mànàmáná wá lọ ní wákàtí tí ó fẹ́ lò ó, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí.

Iná Leszno

Ní ọdún 1654, Comenius padà sí Leszno. Ogun láàárín Sweden àti Pólándì bá a níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1656, wọ́n dáná sun ìlú náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ó jẹ́ nígbà náà. Ilé rẹ̀ jóná, àwọn ìwé inú rẹ̀ jóná, owó tí ó ní sì lọ pẹ̀lú.

Èyí tí ó dùn ún jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé atúmọ̀-èdè Czech àti Látìn tí ó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọ̀dọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ èdè baba rẹ̀, àwọn àkànlò èdè àti òwe wọn, ni ó ń kó pamọ́ kí wọ́n má baà sọnù lákòókò tí àwọn tí ń sọ èdè náà fọ́n káàkiri. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó ní. Kò sí bí ó ṣe lè tún un ṣe mọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà ní abúlé, kí àwọn àgbà náà tó máa papò dà, mọ̀ pé àdánù yìí kọjá ti ẹnì kan.

Ìwé alaworan rẹ̀ yè, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Nuremberg ni ó wà nígbà tí iná ń jó Leszno.

Ìwé Alaworan náà àti Bí a Ṣe Ń Lò Ó

Laurens De Geer, ọmọ olóore rẹ̀ àtijọ́, ni ó gbà á sí ọ̀dọ̀ ní ìlú Amsterdam. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1657. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1658, ni Orbis Sensualium Pictus jáde ní Nuremberg ní èdè Látìn àti Jámánì. A lè pe ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ ní Ayé Àfojúrí Nínú Àwòrán.

Orí 150 ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wọ̀nyí, ọmọ yóò kọ́kọ́ bá álífábẹ́ẹ̀tì pàdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni àwòrán ohun tí ń dún wà: ẹyẹ ìwò, àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ, ejò, ológbò, afẹ́fẹ́, ọmọ ọwọ́ tí ń sunkún. Ọmọ yóò wo àwòrán, yóò fi ẹnu sín ìró náà jẹ, yóò sì mọ lẹ́tà tí ó dúró fún un. Ìró ni ó ń ṣáájú, lẹ́tà ni ó ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn orí yóò wá tẹ̀ lé ara wọn: ojú ọ̀run, iná, omi, ilẹ̀, ewéko, ẹranko, ènìyàn, iṣẹ́ ọwọ́, ìlú, ẹ̀sìn. Ọ̀nà tí a gbà to orí kọ̀ọ̀kan rọrùn, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Àkọlé wà lókè, àwòrán tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ wá wà nísàlẹ̀ ní òpó méjì, èdè abínibí ní ọ̀kan, Látìn ní èkejì. Nọ́ńbà wà lára ohun kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán. Nọ́ńbà yẹn náà ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ohun náà nínú gbólóhùn. Bí a bá mú orí tí ó dá lé aṣebúrẹ́dì, ọmọ yóò rí ọkùnrin tí ń jọ ìyẹ̀fun, ajọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ọpọ́n tí ó fi ń po ó àti ààrò tí ó fẹ́ kó o sí. Ìka ọwọ́ ọmọ yóò máa lọ láti ara ohun sí nọ́ńbà, láti ara nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀. Kò sí ìgbà tí yóò pe ọ̀rọ̀ tí kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Comenius mọ̀ pé gbogbo nǹkan kọ́ ni ojú ń rí. Nígbà tí ó dé orí tí ó dá lé ọkàn ènìyàn, àwòrán tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn tí a fi àmì tótòtó lásán ya, bí òjìji tí kò ní ẹran ara.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó fún olùkọ́ ní ìlànà. Kí wọ́n fún ọmọ ní ìwé náà láti fi ṣeré nílé kí ó tó dé ilé-ìwé rárá. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ya àwòrán náà bí ó bá wù ú. Kí wọ́n má sì dúró lórí àwòrán nìkan: bí ohun tí a ń sọ bá wà nítòsí, kí olùkọ́ gbé ohun náà gan-an kalẹ̀, nítorí àwòrán jẹ́ arọ́pò fún ohun tí a kò lè gbé wọ inú kíláàsì.

Ní ọdún 1659, Charles Hoole, olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yúróòpù ń lò ó fún ohun tí ó lé ní igba ọdún, Goethe tí í ṣe àgbà òǹkọ̀wé Jámánì sì wà lára àwọn tí ó bá a ní ìgbà èwe. Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ tí ó kó sínú orí kan máa ń pọ̀ ju ohun tí ọmọ lè rù lọ nígbà mìíràn. Ohun tí ó tún dunni ni pé ẹ̀dà tí ó ní èdè Czech nínú kò jáde títí di ọdún 1685, ní ìlú Levoča. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò sí láyé mọ́ láti rí èdè abínibí rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní Amsterdam, ó ń bá iṣẹ́ lọ lórí ìwé ńlá kan nípa àtúnṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ènìyàn, èyí tí wọn kò tẹ odindi rẹ̀ jáde títí di ọdún 1966. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe ní àkókò yìí ni ó bu iyì kún un. Ó gba àwọn aríran kan gbọ́, ó sì tẹ àsọtẹ́lẹ̀ wọn jáde. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ, àwọn ọ̀mọ̀wé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ti pẹ́ ní ìrìn àjò tí kò rí ọ̀nà ilé kò ṣàì ní gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ gbọ́.

Ó kú ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 1670, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n sin ín sí ìlú Naarden, tí kò jìnnà sí Amsterdam. Ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ ọjọ́ olùkọ́, àwòrán rẹ̀ sì wà lára owó bébà 200 koruna wọn. Ìlú tí kò gbà á láyè ni ó ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí ó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Kò sí ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nílẹ̀ wa tí kò mọ ìwé a-bí-dí alaworan, èyí tí a máa ń ya ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kan tí a sì máa ń ya bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ìlànà tí Comenius fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni à ń tẹ̀ lé, bí a tilẹ̀ mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Ohun tí ó kù ni kí á mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí. Kókó mẹ́rin ni a fẹ́ tọ́ka sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọn yóò di olùkọ́.

Èkíní, ìró ṣáájú lẹ́tà. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ kò lè fi ojú nìkan mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igbà, igba àti ìgbà. Fóònù tí ó wà lápò olùkọ́ lè gba ohùn àgbàlagbà tí ó gbọ́ èdè dáadáa sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ohun tí Comenius fi ẹyẹ ìwò àti àgùntàn inú àwòrán wá ni ẹ̀rọ ti sọ di ìrọ̀rùn fún wa.

Èkejì, kí àwòrán ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. A lè gbé àwòrán igbá sára ògiri, kí a gbé ti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ tẹ̀ lé e, kí a sì kọ igba ní nọ́ńbà. Báwo ni a ó ṣe ya ìgbà? Ibí ni olùkọ́ yóò ti rí i pé ẹ̀rọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, gẹ́gẹ́ bí ti ọkàn tí Comenius fi àmì tótòtó yà. Ìtàn, àpẹẹrẹ àti eré oníṣe ni yóò bá a yanjú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun gidi ju àwòrán ohun lọ. Bí ewédú bá wà ní ẹ̀yìn kíláàsì, kò sí ìdí tí a fi ní láti wá àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tí kò ní iná mànàmáná lónìí kò tíì di aláìní ohun-èlò ìkọ́ni.

Ẹ̀kẹrin, kí á má fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sílẹ̀. Iṣẹ́ ogójì ọdún di eérú ní ọjọ́ kan ní Leszno. Àwọn ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe lórí oríkì, àlọ́ àti ẹ̀ka-èdè, tí eku àti òjò ń bà jẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ni ó yẹ kí a máa yà sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì fi ẹ̀dà wọn pamọ́ sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti sọ ìtàn Comenius láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọ òrukàn ní Moravia títí dé ibojì rẹ̀ ní Naarden. A rí i pé ìyà tí ó jẹ nínú kíláàsì Látìn ni ó mú un wá ọ̀nà, àti pé ìgbé-ayé ìsáǹsá kò jẹ́ kí ó gbàgbé èdè ilẹ̀ rẹ̀. A tún rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ ní Yúróòpù kí ìwé alaworan rẹ̀ tó jáde. Ẹ̀rọ náà kò yí kíláàsì èdè padà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí olùkọ́ kan jókòó tí ó ro bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni yóò rí pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí olùkọ́ Yorùbá kò bá mọ ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ rí, kí ó gbọ́, kí ó sì sọ, ìgbátí lásán ni ẹ̀rọ náà yóò máa ṣe nínú kíláàsì.